Bílíìṣì Kọ́ Ni Ọgbọ́n

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí àkọlé yìí, àwọn kan nínú yín yóò rẹ́rìn-ín. Wọn yóò ní, "Níbo ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti korobá ti wọ inú ìwé Ẹgbẹ́? Ṣé àròfọ̀ ti tán ni? Ṣé ìtàn ti tán, tí ọmọkùnrin tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè fi wá ń kọ́ wa ní aṣọ fífọ̀?" Ẹ máa rẹ́rìn-ín, n kò bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, kí olúkúlùkù yín wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, kí ó wo àyà bùbá rẹ̀, kí ó sì wí fún mi bóyá ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Wọ́n tún ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní láti ti ilé wá, ǹjẹ́ kí ni ó wà nílé wa tí a fi ń tọ́jú ẹ̀ṣọ́ náà ní ọjọ́ tí epo bá ta sí i?

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dáhùn: ìgò bílíìṣì kan ni. Ẹ wọ ilé mẹ́wàá ní àdúgbò yín, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n lára aṣọ, ẹ ó rí i pé ìgò bílíìṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò nawọ́ sí. Epo ta sí bùbá, bílíìṣì. Ẹ̀jẹ̀ yí yẹ̀rì, bílíìṣì. Tàdáwà dà sí ẹ̀wù ilé-ìwé ọmọ, bílíìṣì. Ẹjọ́ tí mo wá rò lónìí nìyí: ilé tí kò ní ju bílíìṣì lọ fún àbàwọ́n dà bí ilé oníṣègùn tí ó ní ewé kan ṣoṣo, tí ó ń fi í wo ibà, tí ó ń fi í wo ẹsẹ̀ tí ó dá, tí ó sì tún ń fi í wo ojú dídùn. Àwọn tí yóò kú sí i lọ́wọ́ yóò pọ̀ ju àwọn tí yóò là lọ.

Kí n tó bá ẹlòmíràn wí, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ń gbéyàwó ní ọdún tí ó kọjá. Mo lọ bá ìyá mi nílé pé n kò ní aṣọ tí n ó wọ̀. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ṣí àpótí, wọ́n sì gbé agbádá sányán bàbá mi jáde. Bàbá mi ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré. Agbádá yìí ni wọ́n wọ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ìyá mi níyàwó. Ìyá mi tú u, wọ́n gbọn kòfóò dànù lára rẹ̀, wọ́n ní, "Bàbá yín kò fi ilé sílẹ̀, wọn kò fi mọ́tò sílẹ̀. Èyí ni wọ́n fi sílẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà á.

Ní ibi àsè, bí mo ti jókòó ti àmàlà, ẹnìkan tí ó ń kọjá lẹ́yìn mi fi ìgbùnwọ́ gbá àwo ọbẹ̀ mi. Epo ta sí àyà agbádá, ó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Nígbà tí mo dé yàrá wa ní ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ pé lé mi lórí. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní: "Da bílíìṣì sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti lọ." Kò sí ẹni tí ó béèrè pé irú aṣọ wo ni. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé irú epo wo ni. Ẹni mẹ́rin ni wá nínú yàrá náà, gbogbo wa ni a ti yege ìdánwò kí a tó wọ Yunifásítì, kò sì sí ẹni tí ó béèrè. Mo da bílíìṣì sínú korobá omi, mo ri agbádá bàbá mi sínú rẹ̀, mo sì lọ sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fà á sókè. Ibi tí mo bá ti dì í mú ni ó ń já mọ́ mi lọ́wọ́ bí ewé tí ó ti rà nínú omi. Mo kó ohun tí ó kù lọ sílé. Ìyá mi kò bú mi. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, wọ́n ń fi ọwọ́ to àwọn ibi tí ó ti fàya pọ̀, wọ́n wá béèrè wẹ́rẹ́ pé, "Ṣé wọn kò kọ́ yín ní nǹkan kan níbẹ̀ ni?"

Ìbéèrè yẹn ni ó bí ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí kò sí ẹni tí ó kọ́ wa.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí ni bílíìṣì? Kì í ṣe ọṣẹ. Inú èròjà kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chlorine ni ó ti jáde wá. Scheele, ará Sweden, ni ó kọ́kọ́ rí chlorine ní ọdún 1774. Ní ọdún 1785, Berthollet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé ó lè sọ aṣọ di funfun. Ní ìlú Javel lẹ́bàá Paris ni wọ́n ti ṣe omi rẹ̀ tà, títí di òní ni àwọn Faransé sì ń pè é ní omi Javel. Ní ọdún 1799, Charles Tennant ní Scotland gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí ó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú. Kí ni wọ́n ń wá gan-an? Ṣáájú ìgbà náà, àwọn ará Yúróòpù a máa tẹ́ aṣọ ọ̀gbọ̀ wọn sórí koríko nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó funfun. Àwọn oníṣòwò kò fẹ́ dúró de oòrùn mọ́, wọ́n sì rí ohun tí yóò ṣe iṣẹ́ oòrùn kíákíá. Ọ̀gbọ̀ àti òwú ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí kò ní àwọ̀. Wọn kò ṣe é fún àdìrẹ, wọn kò ṣe é fún etù, áńtórí-bọ́tórí sányán.

Inú igbó ni a ti ń rí okùn sányán. Kòkòrò ni ó ń fi itọ́ ara rẹ̀ hun ilé, àwa a sì ran ilé náà ní okùn. Nítorí náà purotéènì ni sányán, gẹ́gẹ́ bí irun orí wa ti jẹ́ purotéènì, bílíìṣì a sì máa jẹ purotéènì títí yóò fi tán. Bí ó ṣe ń jẹ sẹ́dà ni ó ń jẹ aṣọ onírun àgùntàn. Ní ti aró ẹ̀lú tí àwọn àláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo fi ń re àdìrẹ, bílíìṣì a máa pa á run, yóò sì fi àlébù funfun sílẹ̀ níbi tí àwọ̀ búlúù tí ó jinlẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó dà á sí àdìrẹ nítorí àbàwọ́n kan ti fi àbàwọ́n tí kò ṣe é yọ mọ́ rọ́pò èyí tí ìbá yọ.

Èdè ni mo ń kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ gbé tọ́ sí mi. Yorùbá kò pe ìdọ̀tí ní àbàwọ́n. Ìdọ̀tí ni ohun tí omi àti ọṣẹ lásán lè gbé lọ. Àbàwọ́n ni èyí tí ó kù lẹ́yìn tí ìdọ̀tí ti lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ nípa ìwà ènìyàn pé ó ní àbàwọ́n. Ẹ tún gbọ́ bí a ti ń sọ ọ́: epo a máa ta sí aṣọ, ẹ̀jẹ̀ a máa yí i, aró a máa ràn mọ́ ọn, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa mú un, irin a máa dógùn-ún sí i lára. Ọ̀rọ̀-ìṣe márùn-ún nìyẹn, olúkúlùkù sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí èdè rẹ̀ ti mọ̀ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí kò gba ọ̀nà kan náà wọ aṣọ, báwo ni ó ṣe gbà pé ọ̀nà kan náà ni wọn yóò gbà jáde?

Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀jẹ̀ bá ẹyin tan. Ohun tí iná ń ṣe sí ẹyin nínú ìkòkò ni omi gbígbóná ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ: ó ń mú un dì mọ́ okùn aṣọ. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀, kíákíá, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Kí a rẹ ẹ́, kí a da omi náà nù, kí a bu òmíràn, kí ọṣẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí ó ní èròjà enzyme nínú ni yóò jẹ ẹ́ kúrò. Otto Röhm, ará Jámánì, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1913. Láti ara ẹran ni ó ti fa èròjà náà yọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tí mo wí nípa sányán. Ọṣẹ tí ó ń jẹ purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ kò ní yọ̀ǹda sányán. Ohun tí ó dára fún aṣọ kan lè jẹ́ ikú fún èkejì.

Epo pupa ní ọ̀nà méjì tí ó fi ń bá aṣọ jà: ọ̀rá rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀. Omi lásán kò lè mú ọ̀rá. Kí a kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ṣíbí ha èyí tí ó bá lé sókè, kí a bu pọ́dà tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo lé e, kí ó fa ọ̀rá náà mu fún bí ìdajì wákàtí, kí a gbọ̀n ọ́n nù. Lẹ́yìn náà kí a fi ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo pa á ní gbígbẹ, kí omi tó kàn án. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí a fi ṣàn án, bí aṣọ bá lè gbà á. Bí àwọ̀ pupa bá ṣì kù lára aṣọ òwú funfun, ẹ sá a sí oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa pa àwọ̀ epo pupa. Àwọn ìyá wa mọ èyí. Àwa ni a kò bi wọ́n. Ní ti sányán, ọṣẹ ìfọrun díẹ̀ nínú omi tútù, pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́, ni ìbá ti gba agbádá bàbá mi là.

Obì, tíì, kajú àti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìdílé kan ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti ń gbẹ ni wọ́n ń dúdú sí i. Bí a bá tètè fi omi tútù ṣàn wọ́n, tí a sì fi ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò lọ. Ẹ má ṣe sáré fi ọṣẹ gígùn pa wọ́n, nítorí irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ a máa mú àbàwọ́n wọn le. Lára òwú funfun, fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ a máa ṣe ìrànlọ́wọ́. Ní ti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti gbẹ, n kò ní tàn yín jẹ: ó ṣòro láti yọ. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ní ẹ̀wù oko lọ́tọ̀. Mímọ̀ pé nǹkan kan kò ní lọ wà nínú ọgbọ́n pẹ̀lú.

Bí irin bá dógùn-ún sí aṣọ lára, ibẹ̀ ni bílíìṣì ti ń fi hàn pé òun kì í ṣe ọ̀rẹ́, nítorí ṣe ni ó ń mú un le sí i. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, kí a fi pa ojú ibẹ̀ lára òwú funfun, kí a tẹ́ ẹ sí oòrùn, kí a sì ṣàn án dáadáa: èyí ni ó ń ká a. Tàdáwà báírò, ẹ wá sípíríìtì. Ẹ fi àkísà funfun sí abẹ́ aṣọ, ẹ fi èkejì tí ó tutù fún sípíríìtì máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ẹ máa yí àkísà náà bí tàdáwà bá ti ń wọ inú rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ má ṣe rà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò tàn káàkiri.

Òfin mẹ́ta sì wà tí ó kó gbogbo wọn pọ̀. Èkíní, ẹ tètè ṣe é: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èkejì, ẹ kọ́kọ́ dán oògùn yòówù wò ní ìṣẹ́tí aṣọ, níbi tí ojú kò tó. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé àbàwọ́n tí kò tíì lọ, nítorí iná yóò kàn án mọ́ ibẹ̀.

Ǹjẹ́ kí ni ó yẹ kí ó wà nílé? Kò pọ̀. Àpótí kékeré kan gbà á, tàbí agbọ̀n. Àkísà funfun tí ó mọ́, kì í ṣe aláwọ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ má bàa ràn. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí a ti lò tì. Ṣíbí kan. Iyọ̀. Pọ́dà. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú. Ọṣẹ ìfọrun díẹ̀ fún aṣọ ẹlẹgẹ́. Fínígà, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ mélòó kan. Ìgò sípíríìtì kékeré, tí a gbé jìnnà sí iná. Báàfù kékeré kan tí a kì í fi ṣe nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìwé kan tí a kọ sí ìdérí àpótí náà ní èdè Yorùbá, pé báyìí ni ti epo, báyìí ni ti ẹ̀jẹ̀. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí ti wà káàkiri ilé yín ná. Ohun tí kò sí ni pé kí wọ́n wà lójú kan, kí ẹni tí ó wà nílé sì mọ ohun tí olúkúlùkù wọn ń ṣe. Ọjọ́ tí àbàwọ́n dé kọ́ ni a ń sáré wá ọsàn wẹ́wẹ́ lọ sọ́jà.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí yóò takò mí. Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ obìnrin ni. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ sí Ìṣẹ́yìn, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ọkùnrin ni aṣọ òfì ti gbajúmọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn alágbàfọ̀ ìlú wa láti ìgbà pípẹ́, ọkùnrin ni wọ́n. Epo kì í sì í béèrè bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ó wọ aṣọ kí ó tó ta sí i. Ẹni tí ó bá lè wọ agbádá yẹ kí ó lè tọ́jú agbádá.

Àwọn mìíràn yóò ní, "Alágbàfọ̀ wà, kí a gbé e fún un." Mo bọ̀wọ̀ fún alágbàfọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta tàbí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí epo ti ta ni ẹ ń gbé aṣọ lọ, ẹ ó sì ká a mọ́ àwọn yòókù láìsọ fún un pé ibí ni, nǹkan báyìí ni ó ta sí i. Ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìbá yọ nílé ni ẹ fẹ́ kí ó fi agbára yọ.

Àwọn kẹta wà tí wọ́n fẹ́ràn mi jù, tí ọ̀rọ̀ wọn sì ń bà mí lẹ́rù jù. Wọn yóò ní, "O ṣeun, ọmọ Yorùbá! Jẹ́ kí a da ohun òyìnbó nù, kí a padà sí ọṣẹ dúdú." Rárá o. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú. Eérú èèpo kòkó àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àdín tàbí epo ni a fi ń ṣe é, ó sì mọ iṣẹ́ lára òwú. Ṣùgbọ́n eérú tí ó wà nínú rẹ̀ le, kò sì dára fún sányán. Bí mo bá sọ pé kí a fi ọṣẹ dúdú rọ́pò bílíìṣì nínú gbogbo nǹkan, ewé kan ṣoṣo náà ni mo tún gbé fún oníṣègùn, mo kàn fi ewé abúlé pààrọ̀ ewé òkè òkun ni. N kò wá kí a padà sí àtijọ́. Mo wá kí a mọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé aṣọ nìkan ni ó wà nínú ewu, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ̀dá tí ó wà nínú bílíìṣì kò bá fínígà àti omi ọsàn rẹ́. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, tàbí tí ẹ bá pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ilé-ìgbẹ́ tí ó kan, afẹ́fẹ́ chlorine ni yóò jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres ní ilẹ̀ Belgium ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Bí a bá sì da bílíìṣì sí aṣọ ọmọ tí ìtọ̀ ti rin gbingbin, afẹ́fẹ́ mìíràn tí kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró lè jáde láti ibẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe é nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé yóò máa wúkọ́, yóò sì rò pé òtútù ni. N kò ní kí ẹ má ṣe ní bílíìṣì nílé. Ó ní ibi tí ó wúlò, lára òwú funfun, pẹ̀lú omi púpọ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó wà nínú ìgò tirẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára, ní òkè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Ẹni tí ó ń rọ ọ́ sínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò ń dẹ pàkúté fún ọmọ ara rẹ̀.

Ta ni ó sì ń jìyà àìmọ̀ wa? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. A gbé ọmọ láti abúlé wá, a gbé ìgò lé e lọ́wọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ọmọ náà kò sì lè kà á. A kò sọ fún un pé èyí kì í kan sẹ́dà. Nígbà tí aṣọ bá bàjẹ́, a na ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a lè ka Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò kà á. Ẹ wo àwọn àmì kékeré tí ó wà ní ọrùn ẹ̀wù yín: èyí tí ó ní igun mẹ́ta, ọ̀rọ̀ bílíìṣì ni ó ń sọ, bí wọ́n bá fa ìlà kọjá lórí rẹ̀, ó ní kí ẹ má ṣe dà á sí i. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀? Èmi kò mọ̀ ọ́n títí agbádá bàbá mi fi bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ka ìwé ní èdè mẹ́ta.

Ìmúrasílẹ̀ fún àbàwọ́n kì í ṣe àṣà àjèjì sí wa. Nínú ìtàn kan nípa Ọbàtálá, tí àwọn ọmọ wa ní Brazil pẹ̀lú ń sọ nípa ẹni tí wọ́n ń pè ní Oxalá, Òrìṣà náà fẹ́ lọ kí Ṣàngó. Ó dá Ifá. Wọ́n ní ọ̀nà kò ní dán, wọ́n ní kí ó mú aṣọ funfun mẹ́ta dání, àti ọṣẹ, àti òrí. Ní ọ̀nà, Èṣù bá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi epo pupa, èédú àti àdín yí i láṣọ. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan Ọbàtálá lọ sí odò, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kí epo tó ta ni ọṣẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò sì ní kí ó bá epo jà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn mọ́. Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Kí olúkúlùkù ọmọ Ẹgbẹ́, ọkùnrin àti obìnrin, ní àpótí yìí nínú yàrá rẹ̀ kí sáà tí ó ń bọ̀ tó wọlé. Kí Ẹgbẹ́ wa tẹ ìwé olójú kan ní èdè Yorùbá tí ó mọ́ gaara, tí ó sọ ohun tí ó yọ àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan àti aṣọ tí kò gbọ́dọ̀ kàn, kí a pín in fún ilé ìgbé gbogbo, kí a sì fi ránṣẹ́ sílé. Kí ẹ̀yin olùkọ́ wa sì rán wa lọ sọ́dọ̀ àwọn àláró, àwọn ahunṣọ àti àwọn alágbàfọ̀ àgbà, kí a gba ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu wọn sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé atúmọ̀ tí mo ní lọ́wọ́. Èdè tí kò lè sọ bí a ti ń yọ epo lára aṣọ yóò di èdè tí a kàn ń fi kí oríkì ní ọjọ́ àjọ̀dún.

Ìyá mi gé ibi tí kò bàjẹ́ nínú agbádá náà, ó tó fìlà kan. Wọ́n rán an, wọ́n sì fún mi. Ó wà lórí mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Bí epo bá ta sí i ní ọ̀la, mo mọ ohun tí n ó ṣe.